Wọ́ṣà Kan Péré

Oòrùn Mẹksikálì kì í ràn, ó ń jókòó léni lórí ni.
Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù,
ọwọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ti di etí ìkòkò orí iná:
aṣọ ìnura la fi ń dì í mú.

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì
ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ní ilé ìwòsàn.
Àlọ dára. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́, ó ń tòògbé.
Àbọ̀ ni wàhálà: a ó dé ibi iná ojú ọ̀nà kẹta,
atẹ́gùn a yí padà,
a di èémí ẹni tó ti sáré,
bàbá a gbé orí lé gíláàsì
bí ẹja tí wọ́n gbé sórí àpáta.

Mẹkáníìkì ẹ̀bá ibodè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó fìrí.
“Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pésò.”
Bàbá mi rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi tún fíríìjì ṣe kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn.
“Òkú wo ló ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó ń kú lọ́sàn-án?
Maclovia, gbé àga mi síta.”

Mo gbé e sábẹ́ igi mẹsikíìtì.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ ní ìdajì,
ẹnu àti etí ló kù fún un.
Èmi ni ọwọ́.

“Fíùsì?” Ó pé.
“Bẹ́líìtì?” Ó le.
“Gáàsì ńkọ́?” Mo so géèjì mọ́ ọn,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró.
Òógùn ń ta mí lójú bí ata.
“Ó dáa. Má pa ẹ́ńjìnnì. Jókòó, jẹ́ kó gbóná.”

A jókòó. Mo mu omi àjàgbọn.
Dókítà ti ka omi fún òun,
yìnyín ẹyọ kan ló ń lá, ó ń ṣọ́ ọ lò bí owó ìdílé.
Chayo aládùúgbò yọ orí lókè ògiri:
“Ẹ kúkú ra tuntun!”
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, nǹkan kan dún: tá.
Irin méjì tó ń yí pọ̀ lẹ́nu kọ̀mpúrẹ́sọ̀ túká,
ọ̀kan ń yí lọ, ọ̀kan dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
“Mo gbọ́,” ni bàbá wí. “Mú igi ìgbálẹ̀, rọra tì í.
Igi o! Má fi ọwọ́ sí i.”
Mo tì í. Tá.
Wọ́n di ara wọn mú. Òtútù jáde nínú ọkọ̀.

“Ṣó o rí i? Òòfà ló ń fa irin yẹn mọ́ra.
Ọjọ́ ti pẹ́, irin ti jẹ, àlàfo ti fẹ̀.
Bí òòfà bá tutù, ó lè fà á dé.
Bó bá gbóná, agbára rẹ̀ a dín.
Kò kú. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó o mọ́.”

Mo wo ọwọ́ tirẹ̀ lórí itan. Mo dákẹ́.

Nígbà tí irin tutù tán lálẹ́, káàdì ìpàdé ilé ìwòsàn la fi wọn àlàfo
(a ní wọn rẹpẹtẹ):
ó yẹ kó gba méjì, ó gba mẹ́rin.
Mo tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, mo yọ irin pẹlẹbẹ náà.
Wọ́ṣà mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja.
Mo yọ ọ̀kan. Mo dì í padà.
Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí à ń bọ̀,
iná kẹta, iná kẹrin, iná keje.
Wọ́ṣà ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú àwo eérú sìgá.
Bàbá la ojú:
“Maclovia, dín in kù. Òtútù ń pa mí.”
N kò dín in kù.
Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa aṣọ ìnura, mo fi bò ó.